Ìka Kò Dọ́gba: Ọ̀rọ̀ lórí Ìpín Àwọn Ọmọ àti Ìlera Wọn

Nínú ìwé tí ẹ kọ sí mi, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ. N kò ní sọ bí a ti í wẹ ọmọ, tàbí bí a ti í fún un ní oúnjẹ, nítorí ẹ̀yin ìyá mọ èyí jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ìpín tí àwọn àgbà ti pín de ọmọ kí ó tó dé ayé. Nítorí mo ti rí i pé ìpín yìí a máa pa ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́jú dáradára.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ojú èmi tìkára mi rí. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àlùfáà, mo ṣe ìrìbọmi fún ọmọ méjì ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Bàbá ọ̀kan jẹ́ oníṣòwò tí ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí orí òkè. Ìyá èkejì ń ta ẹja yíyan, ó sì ń gbé inú yàrá kan ní etí ọ̀sà, níbi tí omi ẹ̀gbin ti ń ṣàn kọjá ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ méjèèjì sanra. Àwọn méjèèjì ni ó ké nígbà tí omi kan orí wọn. Kí ọdún náà tó yí po, mo ti sin ọ̀kan nínú wọn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó nílò kí n sọ èyí tí ó jẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó pa á ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ lọ mú owó wá ná. Nígbà tí yóò fi yá owó náà dé, ojú ọmọ ti wọlé lọ.

Ní ẹ̀bá ibojì, mo sọ fún obìnrin náà pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Ó wò mí, kò sì dá mi lóhùn. Bàbá arúgbó kan tí ó dúró lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìka kò dọ́gba." Gbogbo wa sì lọ sí ilé wa. Ṣùgbọ́n ojú tí obìnrin náà fi wò mí bá mi lọ sí ilé, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń wádìí bóyá òtítọ́ ni mo sọ fún un.

Ẹ̀yin ará, ìka kò dọ́gba lóòótọ́. N kò wá síhìn-ín láti bá àwọn baba wa jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ yín. Bí ìka kò tilẹ̀ dọ́gba, ẹ̀jẹ̀ kan náà tí ó ń lọ sí àtàǹpàkò ni ó ń lọ sí ọmọńdinrín. Ọwọ́ kì í fi ẹ̀jẹ̀ du èyí tí ó kéré. Bí ẹnì kan bá mú okùn, tí ó so ó mọ́ ọmọńdinrín ọmọ ọwọ́ títí ìka náà fi dúdú tí ó sì rọ, tí ó wá ń ké sí ènìyàn pé, "Ẹ wá wò ó, ìka yìí kò lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀ wá," kí ni a ó sọ fún un? A ó ní kí ó tú okùn náà. Ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò ju èyí lọ: pé ọ̀pọ̀ nínú àìlera tí a ń pè ní ẹ̀jẹ̀, tàbí ìran, tàbí àyànmọ́ lára àwọn ọmọ, okùn ni, pé ọwọ́ ènìyàn ni ó so ó, àti pé ọwọ́ ènìyàn lè tú u.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tiwa. Ní ọdún 1897, Ronald Ross fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri. Ní 1900, àwọn oníṣègùn òyìnbó méjì, Stephens àti Christophers, tí àwọn onímọ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò. Wọ́n rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni kòkòrò ibà ti pọ̀ jù, àní nínú àwọn tí ń sáré ṣeré kiri, àti pé ó ṣọ̀wọ́n lára àgbà. Òtítọ́ ni ohun tí wọ́n rí. Nítorí ọmọ tí ibà kò bá pa a máa ní agbára díẹ̀ díẹ̀ láti dojú kọ ọ́ bí ó ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tí ó ti inú ìwádìí náà jáde. Wọn kò kọ́kọ́ wí pé kí a wo ọmọ náà sàn. Wọ́n ní kí ilé òyìnbó jìnnà sí ibi tí ọmọ náà ń gbé. Ọmọ tí àìsàn wà lára rẹ̀ wá di àìsàn fúnra rẹ̀ ní ojú wọn. Ní 1904, ní ìlú Freetown, àwọn òyìnbó gòkè lọ gbé orí òkè tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ní Nàìjíríà, Lugard ní kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàrin ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé ènìyàn dúdú, òfin ìlú ti ọdún 1917 sì fi ẹsẹ̀ irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ múlẹ̀.

Síbẹ̀ ẹnì kan wà ní àkókò náà tí kò gba ìmọ̀ràn yìí. William MacGregor, ẹni tí ó ṣe Gómìnà Èkó láti 1899 títí dé 1904, jẹ́ oníṣègùn pẹ̀lú. Kò fẹ́ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ó ní kí a máa gbẹ́ omi àbàtà kúrò ní ìlú, kí a sì fún gbogbo ènìyàn ní oògùn kiníìnì, dúdú àti funfun. Àwọn obìnrin Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1901, wọ́n ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ ní kiníìnì. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: ìmọ̀ kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan náà ni a sì wò. Ẹnì kan wò ó, ó rí ewu. Ẹlòmíràn wò ó, ó rí ọmọ.

Ìtàn àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtànná rẹ̀ kò tíì kú. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 608,000 ènìyàn ni ibà pa ní gbogbo ayé. Nínú ogún wọn, mọ́kàndínlógún ni ó wà ní Áfíríkà, àwọn tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nàìjíríà nìkan kó ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. A ti fagi lé yáàdì 440 nínú ìwé òfin. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà tálákà dé ibi tí oògùn wà, ọ̀nà ṣì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí a ti jiyàn ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí pẹ́ jù, tí a sì ti rí ẹ̀rí tí ó dájú jù. Ní ilẹ̀ náà, ní ọdún 2022, nínú 1,000 ọmọ tí àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú bí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 tí ó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nínú 1,000 ti àwọn ìyá aláwọ̀ funfun, kò tó 5. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú ni a bí kí oṣù wọn tó pé, tàbí tí wọ́n kéré jù nígbà tí a bí wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń wí pé, "Bí ẹ̀jẹ̀ wọn ti rí nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i."

Àwọn oníṣègùn méjì ní ìlú Chicago, Richard David àti James Collins, rò ó pé a lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dúdú ni ó ń mú kí ọmọ kéré, ó yẹ kí ọmọ àwọn ìyá tí a bí ní Áfíríkà kéré jùlọ, nítorí àwọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní àdàlù. Wọ́n yẹ ìwé ìbí ìpínlẹ̀ Illinois wò láti 1980 dé 1995, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1997. Ọmọ àwọn ìyá funfun tí a bí ní Amẹ́ríkà wọn 3,446 gírámù ní ìdọ́gba. Ọmọ àwọn ìyá tí a bí ní Áfíríkà, irú àwọn ọmọbìnrin tí àwa náà ń sìn dé pápá ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú omijé, wọn 3,333. Ọmọ àwọn ìyá dúdú tí a bí ní Amẹ́ríkà tìkára rẹ̀ wọn 3,089. Àwọn ìyá tí ó ti Áfíríkà lọ súnmọ́ àwọn funfun ju bí wọ́n ti súnmọ́ àwọn arábìnrin wọn tí a bí sí ilẹ̀ náà lọ.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn tí ń rin ìrìn àjò jìnnà sábà jẹ́ alágbára àti ọ̀mọ̀wé, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí ọmọ wọn bá lágbára. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọmọ wọn. Ní 2002, àwọn olùwádìí wọ̀nyí tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n mú àwọn ìyá dúdú tí a bí ní òkèèrè, wọ́n wo àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì wo ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin náà dàgbà tí àwọn pẹ̀lú bímọ. Ọmọ àwọn ọmọbìnrin yìí fúyẹ́ ju bí ìyá wọn ti wọ̀n nígbà tí a bí i. Ẹ̀yin ará, ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà láàrin ìran kan. Ilẹ̀ tí a tọ́ wọn dàgbà sí ni ó yàtọ̀.

Báwo ni ẹ̀tanú ṣe ń wọ inú oyún? Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá pàdé ẹkùn ní ọ̀nà oko, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a ru sókè, gbogbo ara rẹ̀ a sì múra láti sá tàbí láti jà. Oore ni èyí jẹ́, nítorí ó ń gba ẹ̀mí là, ara sì ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹkùn bá ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹkùn bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ojoojúmọ́ ńkọ́? Bí obìnrin bá ń bẹ̀rù iṣẹ́ tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé tí a lè lé e kúrò nínú rẹ̀, ọlọ́pàá tí ó lè dá ọkọ rẹ̀ dúró, àti nọ́ọ̀sì tí kò ní gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá wí pé inú ń dun òun? Ara bẹ́ẹ̀ kì í rọlẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa ru, ìrọbí lè dé kí oṣù tó pé, ọmọ a sì wá sí ayé ní kíkéré. Ọmọ náà kò tíì gbọ́ èébú kan rí, ṣùgbọ́n ó ti san nínú gbèsè rẹ̀.

Àmọ́ mo ti wí fún yín pé ohun tí ọwọ́ so ni ọwọ́ lè tú. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Mississippi. Títí di àárín àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ kò gba ọmọ dúdú, tàbí kí wọ́n fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ ilé níbi tí ìtọ́jú kò ti tó. Ọmọ dúdú ní ìgbèríko ń kú nípa ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà, àwọn àrùn méjì tí oníṣègùn mọ̀ bí a ti í wò. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé ìwòsàn tí ó bá ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba. Ní oṣù keje ọdún 1966, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó ìtọ́jú àwọn arúgbó fún àwọn ilé ìwòsàn, owó náà sì pọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn tí kò ṣí fún ìwàásù ṣí fún owó. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Láàrin 1965 àti 1971, ikú àwọn ọmọ dúdú tí ó ti lé ní oṣù kan tí wọn kò sì tíì pé ọdún kan dínkù gidigidi ní Mississippi, pàápàá ikú ìgbẹ́ gbuuru àti ti òtútù àyà. A kò yí ẹ̀jẹ̀ wọn padà. Ilẹ̀kùn ni a ṣí.

Bí ilẹ̀kùn ti ń gbani là, bẹ́ẹ̀ ni omi lè pani. Flint jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ju ìdajì àwọn ará ibẹ̀ lọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, òṣì sì pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń kúrò. Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, ẹni tí gómìnà yàn ni ó ń ṣe àkóso owó ìlú, kì í ṣe ẹni tí àwọn ará ìlú dìbò fún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, láti dín ìnáwó kù, wọ́n yí omi ìlú padà sí omi odò Flint, wọn kò sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jẹ ọ̀pá irin sínú rẹ̀. Omi náà ń họ òjé kúrò lára àwọn ọ̀pá tí ó gbà kọjá, ó sì ń gbé e wọ inú ife àwọn ọmọ. Òjé kì í pariwo bí gìrì. Jẹ́jẹ́ ni í wọ inú ọpọlọ ọmọ, kí ó tó di pé a rí i pé ọmọ náà kò lè jókòó ti ìwé, pé ó ń bínú láìnídìí, pé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yára mọ̀ ń ṣòro fún un. Ohun tí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò tán.

Àwọn ìyá gbé omi pupa sínú ìgò lọ sí ìpàdé. Wọ́n ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, omi náà dára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ní ìlú náà rí i pé omi yìí ń jẹ irin àwọn, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ gba omi mìíràn. Àwọn ọmọ ń mu èyí tí irin kò lè mu fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, oníṣègùn ọmọdé kan, Mona Hanna-Attisha, dìde ní gbangba, ó fi hàn pé ìwọ̀n àwọn ọmọ tí òjé pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ti di ìlọ́po méjì, láti 2.4 nínú 100 sí 4.9. Nígbà náà ni a yí omi padà. Ní 2017, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀tanú àwọ̀, èyí tí ó ti wọ inú bí a ti ń ṣètò ìlú láti ọdún pípẹ́, wà nínú ohun tí ó fa ìyọnu yìí.

Kì í ṣe ara ọmọ nìkan ni ìpín búburú ń bàjẹ́. Ní nǹkan bí 1940, tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, Kenneth àti Mamie Clark, gbé ọmọláńgidi dúdú àti funfun síwájú àwọn ọmọ dúdú tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún mẹ́ta sí méje. Wọ́n bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré, èwo ni ó dára, èwo ni ó burú. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ náà yan èyí tí ó funfun láti fi ṣeré. Ju ìdajì wọn lọ sì ní èyí tí ó dúdú ni ó burú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi wọ́n pé, èwo ni ó jọ ọ́? Àwọn ọmọ mìíràn bú sí ẹkún. Iṣẹ́ yìí wà nínú ẹ̀rí tí a mú wá síwájú ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà, kí ó tó dá a ní oṣù karùn-ún ọdún 1954 pé kò tọ́ láti ya ilé-ìwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni èyí. Nígbà tí ìyá kan ní àárín wa bá ń fi ìpara bó àwọ̀ ọmọ rẹ̀, tàbí tí a bá ń yin ọmọ pupa nínú ilé tí a kò sì wí nǹkan kan nípa èyí tí ó dúdú, ọmọláńgidi méjì ni àwa náà gbé síwájú wọn.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ó rọrùn fún wa láti bínú sí Lugard àti sí Mississippi. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí sí àwọn ilé tí ó tálákà jù, 173 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Nínú 1,000 ti àwọn ilé tí ó lówó jù, 53. Àwọ̀ kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ ìjọ kan náà. Àwọn baba wa ń pe ọmọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmi, Kòsọ́kọ́, nítorí wọ́n gbà pé àbíkú ni ó ń bá wọn jà. N kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìbànújẹ́ wọn jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi yín léèrè: ǹjẹ́ àbíkú a máa wo ilé tí ó ní omi mímọ́ kí ó tó yàn án? Ǹjẹ́ ó mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé tálákà? Bí àbíkú bá ń yẹra fún ibi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi ẹ̀rọ wà, a jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni àbíkú ń jẹ́.

Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọ tí òjé pa ní àwọn abúlé tí àwọn òbí ti ń fọ́ òkúta láti wá wúrà nínú àgbàlá ilé. Òṣì ni ó mú kí eruku náà wọ inú ilé. Àti nínú ilé àwa tí a jókòó síhìn-ín, ṣé kò sí ọmọ tí a mú wá láti abúlé láti máa bá wa ṣiṣẹ́, tí ó ń jẹun lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, tí ó ń sùn sí ilẹ̀ láìsí àwọ̀n ẹ̀fọn, tí ara rẹ̀ bá gbóná tí a ní ọ̀lẹ ni ó ń ṣe é? Ẹni tí ó ń kórìíra yáàdì 440 ti Lugard, kí ó wọn iye ẹsẹ̀ tí ó wà láàrin tábìlì rẹ̀ àti ibi tí ọmọ yẹn ń jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa tìkára rẹ̀ ti kọ́ ayé bí a ti ń tú okùn yìí. Ní 1956, oníṣègùn kan láti Ẹ́ńgláńdì, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé èèyi, àrùn tí í mú kí ara ọmọ sú, ń pa àwọn ọmọ ní ibẹ̀ lọ́nà tí kò fi ń pa ti Ẹ́ńgláńdì, nítorí ebi ti sọ ara wọn di aláìlágbára kí àrùn tó dé. Kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí ó máa retí ọmọ tí ó ti fẹ́ kú. Ó kọ́ àwọn obìnrin láti máa wọn àwọn ọmọ ní oṣooṣù, kí wọ́n sì fa ìlà lórí ìwé, kí a lè rí i pé ọmọ kò sanra mọ́ kí àìsàn tó wọlé. Ìwé náà kò sí ní ọwọ́ ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ni ó wà, ìyá sì ń tọ́jú rẹ̀ dáradára, àní ìyá tí kò mọ̀wé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìwé yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ àlùfáà ìjọ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i pé kí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú dé ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà ní ibi tí ó ń gbé.

Kí ni kí àwa náà ṣe? Mo mú ohun mẹ́ta wá. Èkínní, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan tí a yà sọ́tọ̀, kí ó má baà sí ọmọ kankan ní àdúgbò wa tí a ó tún dá dúró ní ẹnu ọ̀nà ìwòsàn nítorí owó. Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá máa ti ilé dé ilé bí àwọn obìnrin Èkó ti ṣe ní 1901, kí wọ́n máa béèrè ìwé àjẹsára, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń ṣu gbuuru. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó le jù, kí a má ṣe dákẹ́ mọ́ nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń gbé omi àti ọ̀dà lọ sí òkè nìkan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Nítorí náà ni a ṣe dá ọwọ́ àgbà ní gígùn.

Kí n tó jókòó, mo jẹ gbèsè kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti san. Ní ọdún tí ó kọjá, mo padà lọ sí etí ọ̀sà, mo wá obìnrin náà títí mo fi rí i. Ó ti di arúgbó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ohun tí mo sọ fún yín lẹ́bàá ibojì kì í ṣe òtítọ́. Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó ní kí ẹ lọ mú owó wá ná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Àlùfáà, ẹ dìde. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo kàn ń retí ẹni tí yóò sọ ọ́ ní gbangba."

Ẹ̀yin ará mi, mo ti sọ ọ́ ní gbangba. Ó kù sí ọwọ́ gbogbo wa.